Àpò Kan Nínú Mẹ́wàá

Nílé wa, ìkórè kì í parí lóko. Ó máa ń di oṣù keje ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àgbàdo tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, tí àwọn obìnrin sì ń jà lórí iye owó agolo ìwọ̀n àgbàdo tí wọ́n ń pè ní tóngólò ní ọjà Arzèkè, kí màmá mi tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọdé, kí wọ́n fúnra wọn gbá yàrá ẹ̀yìn, kí wọ́n sì sọ pé ìkórè èṣí ti tán. Àwọn ará àdúgbò ń rí ẹ̀rọ ìpakà wa nígbà tó bá ń jáde kúrò ní Parakou, ìlú wa ní Benin, lópin òjò, wọ́n sì ń rí i nígbà tó bá padà dé nínú ọyẹ́, tí eruku ti sọ ọ́ di pupa. Lójú tiwọn, àárín ìjáde àti ìpadà yẹn ni iṣẹ́ wa wà. Èmi tí mo dàgbà láàárín àpò mọ̀ pé ìdajì ni wọ́n rí.

Ìpakà ni iṣẹ́ ìdílé wa. A ń pa àgbàdo fún olóko, a ń pa ẹ̀wà sóyà rẹ̀, a ń pa ọkà bàbà rẹ̀, lẹ́yìn náà a ó kó ẹ̀rọ wa lọ sí oko ẹlòmíràn. A kò ní oko ńlá tiwa. Bàbá bàbá mi ti Ṣakí wá sí Parakou nítorí rélùwéè. Ọdún 1936 ni ojú irin tó ti Cotonou bọ̀ dé ìlú yìí, kò sì kọjá ibẹ̀ títí di òní. Nígbà náà, ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin bá gbé wá fún àwọn ará Niger ní láti sọ̀ kalẹ̀ ní Parakou kí ọkọ̀ ẹrù tó gbé e lọ. Ibi tí ẹrù bá ti ń sọ̀, ibẹ̀ ni Yorùbá ń pàtẹ sí. Bàbá bàbá mi ta aṣọ, wọ́n ta iyọ̀. Bàbá mi, kí Ọlọ́run bá wa kẹ́ wọn, ló yà kúrò nídìí àtẹ. Wọ́n rí i pé àgbàdo ilẹ̀ Borgou ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, pé àwọn tó ń gbìn ín kò sì lọ́wọ́ tó láti pa á tán kí kòkòrò tó bá a. Wọ́n ta ohun tó kù lórí àtẹ, wọ́n fi ra ẹ̀rọ.

Kí ẹ̀rọ tó dé, igi ni wọ́n fi ń lu ṣùkù àgbàdo nínú àpò, tàbí kí àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ká, kí wọ́n máa fi àtàǹpàkò ṣí hóró kúrò lára ṣùkù títí awọ ìka wọn á fi bó. Àwọn wẹ́dà ló ṣe ẹ̀rọ tiwa. Àgbá irin gígùn kan wà níkùn rẹ̀ tí eyín irin tò sí lára, ó sì ń yí nínú irin mìíràn tí wọ́n lu ní ihò wẹ́wẹ́. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ló ń fi bẹ́líìtì yí i. Wọ́n á da ṣùkù sí i lẹ́nu lókè, eyín irin á já hóró kúrò, hóró á gba ojú ihò bọ́ sílẹ̀, fáànù á fẹ́ ìyàngbò dànù lápá kan, ṣùkù òfìfo á sì máa fò jáde lápá kejì. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé ọwọ́ ni àwọn tó wà nídìí rẹ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ìka méjì sókè, àpò ti kún. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú kọ ilẹ̀, ẹ dín agbára ẹ́ńjìnnì kù.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bùbá alápá gígùn dé ìdí ẹ̀rọ, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ti ṣùkù wọlé bí ó bá há. Igi ni wọ́n gbẹ́ fún un. Bẹ́líìtì kò mọ ọmọ ẹni yàtọ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀rọ mìíràn kan wà tí mo mọ̀ láti kékeré, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé báyìí, ọwọ́ ọ̀tún ló sì fi ń kọ̀wé nígbà tí a jọ wà ní kíláàsì.

Òpin oṣù kẹsàn-án ni àwọn àbúrò mi ọkùnrin àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń gbé ẹ̀rọ jáde. Àgbàdo apá Tchaourou ló ń kọ́kọ́ gbẹ, nítorí náà apá gúúsù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń lọ sópin, tí òjò ti dá, wọ́n á yí padà sí àríwá, wọ́n á gba ọ̀nà N'Dali. Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan ya sí Nikki ní ìlà-oòrùn, èkejì tẹ̀ síwájú lọ sí Bembèrèkè. Oṣù kọkànlá ni ti ẹ̀wà sóyà. Òun kì í dúró de ẹnikẹ́ni: bó bá gbẹ jù lórí igi, èèpo rẹ̀ á là, hóró á dà sílẹ̀, ẹyẹ á jẹ ẹ́. Àwọn olóko ń gé e láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ á sì pa á lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá ti mú un gbẹ. Asẹ́ inú ẹ̀rọ yàtọ̀ fún un, eré ẹ́ńjìnnì náà sì yàtọ̀, torí eré tó dára fún àgbàdo á fọ́ sóyà sí méjì. Ọkà bàbà ló ń kẹ́yìn, nínú ọyẹ́ gan-an, nígbà tí ètè gbogbo wọn ti là.

Ẹgbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ń sùn, lórí tápólì. Olóko Bàrìbá tó gbà wọ́n lálejò á gbé iyán fún wọn lálẹ́, àwọn obìnrin Fúlàní á gbé wàrà wá ní àárọ̀. Àbúrò mi ọkùnrin àkọ́kọ́ gbọ́ èdè Bàrìbá, ó gbọ́ Déndì, ó sì gbọ́ Fúlàní tó tó láti bá wọn ná wàrà. Lóko ló ti kọ́ ọ. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹ̀rọ tí kò bá gbédè, ebi ni yóò pa á, òótọ́ sì ni, nítorí pé lójú oko, kí ẹ́ńjìnnì tó dún, ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ: ta ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣe fún, ta ló lọ́mọ tó máa da ṣùkù, báwo ni wọ́n yóò ṣe sanwó.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo ń bọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mẹ́nu kan òwú, torí òwú ni ọba ilẹ̀ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ wa kì í fọwọ́ kàn án. Borgou àti Alibori ni wọ́n ti ń gbìn ín jù ní Benin, Banikoara ló sì ń ṣíwájú gbogbo wọn. Ní àsìkò oko 2019 sí 2020, òwú Benin kọjá tọ́ọ̀nù 700,000. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká gbogbo rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìyọ̀wú ni ọkọ̀ ń gbé e lọ. Síbẹ̀ òwú ló ń sọ bí olóko yóò ṣe sanwó fún wa. Àwìn ni olóko ti ń gba ajílẹ̀ òwú, púpọ̀ nínú àwọn olóko sì ń bù lára ajílẹ̀ náà sí àgbàdo. Ìdí tí àgbàdo fi ń ṣe dáadáa ní ilẹ̀ òwú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àgbàdo bá gbẹ, òwú ṣì wà lóko. Owó òwú kò tíì wọlé. Ẹni tó ní àgbàdo tó kún ilẹ̀ lè má ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà lápò. Bó bá fẹ́ ta àgbàdo kó lè san owó ìpakà, gbogbo àdúgbò ló ń tà lọ́jọ́ náà, iye tí wọ́n bá dá lé e kò dára.

Nítorí náà ni bàbá mi ṣe ń gba àgbàdo dípò owó. Àpò mẹ́wàá bí ẹ̀rọ bá pa, ọ̀kan jẹ́ tiwa. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan sọ pé ó pọ̀ jù. Ó yẹ kí wọ́n rò ó pé ìwọ̀n yìí kò ṣàjèjì sí olóko, pé ẹni tí a ń pakà fún lè jẹ́ Mùsùlùmí, pé sàká oko tí òjò fúnra rẹ̀ bomi rin sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí ó bá ti tó ìwọ̀n tí òfin là sílẹ̀. Àwọn àgbà olóko mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in: wọ́n á mú ti Ọlọ́run, wọ́n á mú ti ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ìyókù lọ sílé. Bàbá mi kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ti ẹ̀rọ kí wọ́n tó gbé ti Ọlọ́run. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé nígbà tí oko kò bá ṣe dáadáa, ìpín tiwa náà á kéré. Ẹni tó ń gba owó lórí iye wákàtí kò ní mọ̀ ọ́n lára bí òjò bá dá lójijì nínú oṣù kẹjọ. Àwa ń mọ̀ ọ́n.

Àpò wọ̀nyí ló ń wá sílé. Òru ni ọkọ̀ ẹrù ń gbé wọn dé jù, torí ọ̀sán ni àwọn awakọ̀ ń kó ẹrù àwọn oníbàárà wọn tó lówó lọ́wọ́. Gbogbo ilé á jí. Ìyàwó àbúrò mi àkọ́kọ́ á tan iná, ti èkejì á ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́tò á rù ú wọlé, èmi á sì máa kọ ọ́: láti oko ta ni, àpò mélòó, ọjọ́ wo. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kọ ni ìwé àkọsílẹ̀ náà ti wà lọ́wọ́ mi. Mo ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ti lọ́kọ, síbẹ̀ bí oṣù kẹwàá bá ti wọlé, ilé màmá mi ni mo ń sùn jù. Ọkọ mi kò ṣàwáwí, kí Ọlọ́run fún un ní ẹ̀mí gígùn.

Nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ẹ̀rọ, ti màmá mi ni. Bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé níbi tí ẹ̀rọ wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí, ariwo sì wà. Gbogbo olóko tó bá fẹ́ ìpakà, màmá mi ló ń pè. Wọ́n á bi í bóyá ó ti ká a tán, bóyá ó ti bó o, bóyá ọkọ̀ lè dé ibẹ̀. Wọ́n á fi ahọ́n kan eyín díẹ̀, wọ́n á ní, "Mo gbọ́, bàbá. Ẹ fún wa dọ̀la, ẹ ó gbúròó wa." Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pe àbúrò mi, wọ́n á ní kó má gba ọ̀nà Pèrèrè lọ́la, kó kọ́kọ́ lọ pa ti ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Wọn kò kúrò lórí àpótí wọn. Ẹ̀rọ ń rìn káàkiri ilẹ̀ Borgou, láti orí àpótí yẹn ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Àgbàdo tó bá sọ̀ ní òru, àárọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Olóko tó ń kánjú lè ti ká a kó tó gbẹ dénú, ẹ̀rọ kò sì mọ̀, ẹ̀rọ á pa á. Bó bá wọ inú àpò bẹ́ẹ̀, á gbóná, á bu, oró tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́sìn á wọ̀ ọ́. Oró yìí kì í hàn lójú, sísè kì í sì í pa á. Ní ọdún 2004, àgbàdo tí omi wà lára rẹ̀ tí wọ́n sì kó pamọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ ní ìlà-oòrùn Kenya, ènìyàn 125 ló kú. Nítorí náà, màmá mi kì í gba ọ̀rọ̀ olóko gbọ́ lórí gbígbẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi eyín gé hóró: bó bá dún, ó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á mú ìgò gbígbẹ, wọ́n á da àgbàdo sí i, wọ́n á bu iyọ̀ tí wọ́n ti sá gbẹ lé e, wọ́n á dé e, wọ́n á mì ín dáadáa, wọ́n á gbé e sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo náà. Bí ara ìgò bá mọ́, tí iyọ̀ rọra ń yí káàkiri, ó ti tó kó.

Mo ti rí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn onímọ̀ oko fi ń wọn omi inú ọkà, tó ń sọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ìdá mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ó dára, mo sì fẹ́ kí a ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìgò màmá mi ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà.

Èyí tí kò bá gbẹ, tápólì ni wọ́n ń tẹ́ sí ojú àgbàlá, wọ́n á sá a. Láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ní láti wà nídìí rẹ̀: ewúrẹ́ wà, adìẹ wà, ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́ wà. Wọ́n á fẹsẹ̀ yí i, wọ́n á kó o kí ìrì tó sẹ̀, wọ́n á tún tẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn obìnrin ilé wa ń dáná, wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń wẹ ọmọ fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń fi oúnjẹ àti bẹ́líìtì tuntun ránṣẹ́ sí oko. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú àdúgbò pé kí ni àwọn ìyàwó ilé wa ń ṣe nígbà ìkórè, wọ́n á ní wọ́n ń retí ọkọ wọn.

Lẹ́yìn sísá ni ìpamọ́, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àpò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fara ti ògiri; pákó ni wọ́n ń tò wọ́n lé. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ wà láàárín wọn. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kòkòrò dúdú kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Prostephanus truncatus. Ilẹ̀ Mexico àti Amẹ́ríkà Àárín ló ti wá. Ní Áfíríkà, Tanzania ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ìparí àwọn ọdún 1970; ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó dé Tógò, kò sì pẹ́ tó fi wọ Benin. Kì í ṣe hóró nìkan ló ń jẹ. Ó ń jẹ pákó, ó ń jẹ igi àká. Àpò tó bá wọ̀, ìyẹ̀fun funfun ni yóò kù níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ lọ mú ọ̀tá rẹ̀ wá láti ilẹ̀ tó ti wá, kòkòrò mìíràn tó ń jẹ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Tógò ní 1991. Ó ràn wá lọ́wọ́ níta, nínú igbó. Nínú yàrá, ojú àti etí ni oògùn rẹ̀.

Etí ni mo sọ. Lálẹ́, nígbà tí ilé bá ti dákẹ́, màmá mi á wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n á fi etí ti àpò kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá wọn ṣe é láti kékeré. Àpò tó dára kò ní ohùn. Àpò tí kòkòrò ti wọ̀ á máa dún ṣẹrẹṣẹrẹ, ohùn tó kéré débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé etí òun ló ń dún. Wọ́n á tú u, wọ́n á ki apá bọ̀ ọ́ títí dé ìgúnpá. Bí àárín rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, àgbàlá ni yóò sùn lọ́la.

Ìgbà wo ni kí a tà? Ìbéèrè yìí ni màmá mi ń gbé sùn láti oṣù kejì lọ. Nígbà ìkórè, ọjà kún. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, àká àwọn olóko gan-an ti ṣófo, owó àgbàdo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dọọdún. Ilẹ̀ wa bá Nàìjíríà àti Niger pààlà, ohun tó bá ṣe wọ́n ń ṣe wá. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, àwọn oníbàárà tó ń gba Nikki wá kò lè wá bí wọ́n ṣe ń wá. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ọ̀nà Malanville tó lọ sọ́dọ̀ wọn dí, ọkọ̀ ẹrù tò lọ bẹẹrẹbẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo kpayo tí wọ́n ń kó wá láti ibẹ̀, tí gbogbo Parakou ń rà ní ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, gbówó lórí lọ́sàn-án kan òru kan, owó ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Màmá mi kò lọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìròyìn kankan nínú wọ̀nyí tó kọjá wọn. Wọ́n ń gbọ́ rédíò nípa ẹnubodè, wọ́n á wojú àpò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn nìyí. Àwọn àbúrò mi fẹ́ kí a máa gba owó. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olóko púpọ̀ sí i ti ní MoMo lórí fóònù, àwọn mìíràn ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́, owó ń wà lọ́wọ́ wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àbúrò mi pè láti ẹ̀yìn Nikki.

"Ẹ káalẹ́ o, Màmá."

"Káalẹ́, ọkọ mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A ti jẹun. Màmá, olóko yìí ní òun fẹ́ fi owó san. Ó ti ṣírò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ san lálẹ́ yìí."

"Èló ni wọ́n ń ra àpò níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́. Màmá mi dákẹ́ díẹ̀. "Gba àpò," ni wọ́n ní.

"Màmá, dísẹ̀lì ńkọ́? Kí ni màá fi ra dísẹ̀lì? Ẹ́ńjìnnì kì í mu àgbàdo."

Òótọ́ ló sọ, mo sì gbà fún un nígbà yẹn, mo ṣì gbà fún un. Dísẹ̀lì fẹ́ owó, àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ owó, gbígbé àpò láti ẹ̀yìn Nikki dé Parakou ń jẹ nínú àpò. Bí owó àgbàdo kò bá gbé sókè, a ti ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ lásán. Ó tún wà níbẹ̀ pé ìjọba fòfin de kíkó ẹ̀wà sóyà àti kájú tí a kò tíì ṣe nǹkan kan sí jáde kúrò ní Benin láti oṣù kẹrin 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ wa, bí àwọn tó wà ní Glo-Djigbé, lè rí wọn lò. Ẹni tó bá kó sóyà pamọ́ pẹ̀lú ìrètí pé oníbàárà Nàìjíríà yóò gbówó lé e, ó ń bá òfin ta kàǹgbọ̀n. "Àǹtí mi," ni àbúrò mi kejì wí fún mi, "ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún Màmá."

Mo ṣírò rẹ̀. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo fi iye tí àpò kọ̀ọ̀kan ì bá mú wá nígbà ìkórè wé iye tó mú wá nígbà tí a tà á, mo yọ owó ọkọ̀, mo yọ èyí tí kòkòrò jẹ. Èrè wà nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún, àdánù wà ní àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣe é ni mo rí i pé ohun kan kò sí nínú ìwé náà láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ ọ́. Mo kọ owó dísẹ̀lì. Mo kọ owó awakọ̀. Mo kọ owó ọmọ tó ń da ṣùkù. Kò sí ibi tí mo kọ ẹni tó sá àgbàdo sí. Ẹni tó yí àpò, tó lé ewúrẹ́, tó fetí sí kòkòrò lóru, kò sí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bí a bá gba owó lóko, MoMo yóò wọ fóònù ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, iṣẹ́ yóò sì parí lóko nítòótọ́. Yàrá ẹ̀yìn yóò di yàrá lásán. Màmá mi yóò di ìyá arúgbó tí wọ́n ń fún lówó oúnjẹ. Àwọn ìyàwó àbúrò mi yóò máa retí ọkọ wọn ní ti tòótọ́.

Ọkà tó ń wọlé ló ń mú kí ilé ní ohùn nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi wà lẹ́yìn màmá mi, kì í ṣe nítorí èrè nìkan.

Mo mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ńlá, owó ni wọ́n ń gbà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ìdílé wà tó ń gbé ẹ̀rọ ìkórè láti Texas lọ títí dé ẹnubodè Kánádà, wọ́n ń bá àlìkámà rìn bó ṣe ń gbó, àwọn ìyàwó àti ọmọ sì ń bá wọn lọ nínú ilé tó ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní 1944, nígbà ogun àgbáyé, ilé iṣẹ́ Massey-Harris ti Kánádà kó ẹ̀rọ 500 sí ọ̀nà yẹn nítorí pé àwọn ọkùnrin ti lọ sójú ogun, wọ́n sì kórè ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù éékà kan lọ. Níbẹ̀, ilé ń bá ẹ̀rọ rìn. Níbí, ilé dúró, ọkà ló ń wá bá a. Àwọn ará Niger ní tiwọn ti sọ ohun tí màmá mi ń ṣe di ètò tí báǹkì mọ̀: láti ìparí àwọn ọdún 1990, pẹ̀lú ìrànwọ́ FAO, ẹgbẹ́ àwọn olóko ń kó àpò sí ilé ìpamọ́ kan nígbà ìkórè, wọ́n á fi ṣe ìdúró gba owó, wọ́n á tà á nígbà ọ̀wọ́n, wọ́n á san gbèsè. Warrantage ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi, wọ́n ní, "Ṣé báǹkì náà ń fetí ti àpò lóru?"

Ibi tí a fẹnu kò sí lọ́dún yìí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán, bóyá ìyẹn ló fi dára. Owó ni a ó máa gbà fún sóyà. Àgbàdo tó bá wà ní tòsí títì, àpò kan nínú mẹ́wàá ṣì ni. Èyí tó bá wà níbi tí ọkọ̀ kò dé, kí wọ́n gba owó, kí wọ́n fi ra dísẹ̀lì, ṣùgbọ́n kí wọ́n pe Màmá kí wọ́n tó gbà á. Lára ohun tí a bá tà ní oṣù kẹfà, kí a tó pín in, a ó kọ́kọ́ yọ owó àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé. Mo ti fa ìlà tuntun sínú ìwé àkọsílẹ̀, orúkọ àwọn ìyàwó méjèèjì ti wà níbẹ̀, iye wákàtí tí wọ́n fi sá àgbàdo wà níwájú rẹ̀. Àbúrò mi kejì ló kùn jù. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba owó tirẹ̀.

Ó fi ra àpò onípele mẹ́ta, irú èyí tí àwọn onímọ̀ Purdue ṣe fún ẹ̀wà ní Cameroon, tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tí kòkòrò á fi kú sínú rẹ̀ láìlo oògùn. Kì í ṣe àgbàdo wa ló rà á fún. Ó fẹ́ máa bá àwọn obìnrin àdúgbò tọ́jú ọkà tiwọn pamọ́ di ìgbà ọ̀wọ́n, kí wọ́n máa san owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Màmá mi ti fún un ní igun kan nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti kọ́ ọ ní ìgò oníyọ̀. Ìyá aláàkàrà tó kọjú sí wa ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀wà wá. Ìyàwó àbúrò mi dá a padà. Ó ní kí ìyá náà lọ sá a sí i.